Apple pe àwọn oníròyìn sí ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án: kí lẹ rò pé wọ́n máa gbé jáde, báwo ló sì ṣe máa kan ọjà fóònù n'Íbàdàn?

Oní_Tòkunbọ̀_QC
30 oṣù kẹjọ 2025, 8:14 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Apple ti fìwé pe àwọn oníròyìn láti ọjọ́ 26 oṣù yìí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 9 oṣù tó ń bọ̀, ni wọ́n dá, ní gbọ̀ngàn Steve Jobs tó wà ní Cupertino. Aago mẹ́wàá àárọ̀ tiwọn, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tiwa. Àmì èso tí a fi mọ̀ wọ́n ló wà lójú ìwé ìpè náà, àwọ̀ búlúù àti àwọ̀ ọsàn ń tàn lára rẹ̀ bí àwòrán tí kámẹ́rà tó ń wo ooru máa ń yà. Wọn ò sọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbé jáde. Ṣùgbọ́n oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ti máa ń gbé iPhone tuntun wá láti ọjọ́ pípẹ́, àfi ọdún 2020 tí Kòrónà sún un sí oṣù kẹwàá, nítorí náà iPhone 17 ni gbogbo èèyàn ń retí.

Queen Cinema ni mo ti ń ta fóònù, tuntun àti tòkunbọ̀. Bí wọ́n bá parí ọ̀rọ̀ wọn lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ Ọjọ́rú, àwọn kọ́sítọ́mà á ti máa pè mí pé ṣé owó iPhone 13 ti wálẹ̀, ṣé ti 14 ti wálẹ̀. Ìyẹn ti mọ́ mi lára. Ohun tó ń kọ mí lóminú lọ́dún yìí ni ihò síìmù.

Láti 2022 ni iPhone 14 tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ò ti ní ihò síìmù mọ́, eSIM nìkan, ìyẹn síìmù tí wọ́n ti kọ́ mọ́ inú fóònù, ló ń lò. Èyí tó bá ti London tàbí Dubai wá ṣì ní in. Ní oṣù kìíní ọdún yìí, Ming-Chi Kuo, ẹni tó máa ń tú àṣírí jáde láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe ẹ̀yà ara fóònù fún Apple, kọ ọ́ síta pé iPhone tín-ín-rín kan ń bọ̀, pé ibi tó fẹ́lẹ́ jù lára rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 5.5, àti pé ó ṣeé ṣe kó má ní ihò síìmù rárá. Bó bá jẹ́ gbogbo ayé ni wọ́n fẹ́ tà á fún bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ọjà Amẹ́ríkà nìkan nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tiyín.

Ọmọ_Àgbọ́wọ́
30 oṣù kẹjọ, 8:52 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Èmi fara balẹ̀ wo ìwé ìpè yẹn, torí Apple kì í ya nǹkan síbẹ̀ lásán. Ti ọdún 2016, iná tó ń tàn bàìbàì ni wọ́n yà sí i. iPhone 7 Plus jáde pẹ̀lú kámẹ́rà olójú méjì tó lè sọ ẹ̀yìn àwòrán di bàìbàì. Ti 2022, ìràwọ̀ ojú ọ̀run ni. iPhone 14 jáde, ó lè fi sátẹ́láìtì pe ìrànlọ́wọ́ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí. Tí wọ́n bá wá ya ooru, mo gbà pé ọ̀rọ̀ ooru ni.

Àhesọ kan ti wà nílẹ̀ tipẹ́ pé iPhone Pro, èyí tó wọ́n jù, tọdún yìí máa ní irin pẹlẹbẹ kan nínú tí omi díẹ̀ wà níkùn rẹ̀. Omi yẹn á gba ooru lára chip, ọpọlọ fóònù, á di oru, oru á sáré lọ síbi tó tutù, á tún padà di omi. Samsung ti ń lo irú rẹ̀ tipẹ́. Ẹni tó bá gbé Àgbọ́wọ́ lóṣù kẹta mọ ìdí tí mo fi ń fojú sọ́nà fún un. iPhone 13 mi, tí mo bá ń fi fún kọ̀ǹpútà ní íntánẹ́ẹ̀tì, tí mo tún ki ṣájà bọ̀ ọ́ nígbà kan náà, ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ ṣókùnkùn fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà á kọ ọ́ síta pé òun ò gba iná mọ́ títí òun á fi tutù. Iná náà sì rèé, ìwọ̀nba wákàtí tí wọ́n máa mú un wá ló wà fún wa. Bó bá jẹ́ ìgbà yẹn gan-an ni fóònù ní òun ò gbà, kí lèèyàn fẹ́ ṣe?

Àwọn kan ní àwọ̀ tí wọ́n fẹ́ kun ara fóònù ni wọ́n fi hàn, pé Pro aláwọ̀ ọsàn ń bọ̀. Ó lè jẹ́ méjèèjì.

Ẹnjiníà_Ìwó_Road
30 oṣù kẹjọ, 9:40 àárọ̀

Àbúrò, o ṣe é. Ṣùgbọ́n bátìrì ni kí ẹ bi mí.

Samsung gbé fóònù tín-ín-rín tiwọn, S25 Edge, jáde lóṣù karùn-ún, mìlímítà 5.8 ni ó nípọn mọ, bátìrì inú rẹ̀ jẹ́ 3,900 mAh (ìwọ̀n iná tó lè gbà sínú nìyẹn). S25 Ultra tí wọ́n jọ jáde lọ́dún kan náà ní 5,000. Ẹni tí NẸ́PÀ ń mú iná rẹ̀ lọ láàárọ̀ tí kò ní padà rí i títí di alẹ́, kí ló fẹ́ fi 3,900 ṣe? Tecno náà gbé tín-ín-rín tiwọn lọ sí Barcelona lóṣù kẹta, Spark Slim, wọ́n ní 5.75 ni, pẹ̀lú bátìrì 5,200. Ó túmọ̀ sí pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe é lè ṣe é. Nítorí náà, lọ́jọ́ 9, ẹ fi ojú sí bátìrì. Apple kì í sì í sọ iye mAh lórí pèpéle, wákàtí fídíò ni wọ́n máa ń kà fún wa. Ó dìgbà tí àwọn tó ń tú fóònù bá tú u ká tó mọ̀.

Ohun mìíràn tí mo ń retí nìyí, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi ni. Nínú àwọn iPhone àtijọ́, gọ́ọ̀mù tó dà bíi rọ́bà ni wọ́n fi lẹ bátìrì mọ́lẹ̀. Ẹ máa fà á díẹ̀díẹ̀, bó bá já sínú, ó di kí ẹ máa ta sípírítì sí i, kí ẹ máa fi ike tẹ́ẹ́rẹ́ yọ ọ́ pẹ̀lú ìbẹ̀rù, torí bí ike bá gún bátìrì, iná ni. Nínú iPhone 16, wọ́n yí gọ́ọ̀mù yẹn padà. Ẹ máa so wáyà méjì láti ara bátìrì 9V, èyí onígun mẹ́rin yẹn, mọ́ etí rẹ̀. Kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lọ, gọ́ọ̀mù á yọwọ́ fúnra rẹ̀, bátìrì á sì gbéra nílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i, inú mi dùn gidi. Tí tín-ín-rín yìí bá ní irú gọ́ọ̀mù yẹn, àwa alátùn-únṣe máa rí ṣe. Bí wọn ò bá fi sí i, tí bátìrì bá tún kéré, ẹ máa rí mi lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ìyẹn ò sì dáa fún àpò yín.

Màmá_Agodi
30 oṣù kẹjọ, 11:05 àárọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òwúrọ̀. Èmi ò mọ̀ nípa gọ́ọ̀mù àti mìlímítà, àmọ́ ihò síìmù tí ọmọ Queen Cinema sọ yẹn, ẹ má jẹ́ ká fò ó.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, ní Sẹkitéríàtì. Fóònù méjì ló máa ń wà nínú báàgì mi, iPhone 11 mi àti kékeré onítọ́ọ̀ṣì kan. Bí iPhone bá ti kú tí kò sí iná, mo máa yọ yẹtí mi, mo máa fi ṣóńṣó rẹ̀ gún ihò yẹn, síìmù á yọ orí jáde. Mo ní ike pẹlẹbẹ kan tí mo máa ń gbé e lé kó lè ṣe déédéé ihò fóònù kékeré. Mo máa tì í bọ inú rẹ̀, ó parí, ẹni tó bá ń wá mi ti rí mi.

Láìpẹ́ yìí, mò ń sọ̀ nínú Micra ní Dùgbẹ̀, fóònù bọ́ lọ́wọ́ mi, ojú rẹ̀ fọ́ yángá, kò tàn mọ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo fẹ́ san owó ilé-ìwé ọmọ-ọmọ mi, báǹkì sì gbọ́dọ̀ fi OTP, kóòdù ìdánilójú wọn, ránṣẹ́ sórí síìmù mi. Síìmù tí mo yọ síta lójú títì níbẹ̀ ló jẹ́ kí n san án kí ilẹ̀ tó ṣú. Bó bá jẹ́ eSIM ni, ọ̀dọ̀ ta ni mo fẹ́ lọ? Àwọn tó ń ṣe fóònù yìí, ṣé wọ́n mọ̀ pé àwa wà?

Bọ̀dá_Bódìjà
30 oṣù kẹjọ, 12:31 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán, mà. Mo gbọ́ yín yéké, ọ̀rọ̀ yín sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ apá kejì rẹ̀ fún yín, torí ó ti ṣẹlẹ̀ lójú mi.

Àbúrò mi ni. Ọ̀kadà ló gùn lálẹ́, àwọn méjì sáré kọjá, wọ́n já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn ò lè ṣí i, torí ó ti tì í pa. Wọn ò tiẹ̀ gbìyànjú àtiṣí i. Síìmù ni wọ́n yọ, wọ́n fi sínú fóònù mìíràn, wọ́n tẹ kóòdù báǹkì. Kó tó délé kó tó fi fóònù ìyàwó rẹ̀ pe báǹkì, owó ti ń lọ. Èmi ò wo ti bátìrì tàbí ti àwọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Fóònù tí olè ò lè fi abẹ́rẹ́ fa síìmù rẹ̀ yọ ni mò ń wá. Bí Apple bá yọ ihò yẹn kúrò lára gbogbo iPhone lọ́jọ́ 9, inú mi máa dùn.

Ẹnjiníà_Ìwó_Road
30 oṣù kẹjọ, 12:58 ọ̀sán

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bọ̀dá, ti àbúrò yín dùn mí. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ra fóònù mìíràn nítorí rẹ̀: síìmù tó wà lọ́wọ́ yín lónìí ní títì tirẹ̀. Ẹ lọ sí Settings, ẹ wá Cellular tàbí Mobile Data, ẹ wo SIM PIN. Ẹ kọ́kọ́ béèrè PIN àkọ́kọ́ lọ́wọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín, torí bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sí i tí kò bá a mu lẹ́ẹ̀mẹta, síìmù á tì, ó di PUK, kóòdù mìíràn tí wọ́n fi ń ṣí i. Tí ẹ bá ti tan án, síìmù náà ò ní ṣiṣẹ́ nínú fóònù olè láìjẹ́ pé ó mọ nọ́ńbà yẹn. Màmá, ẹ̀yin náà ẹ ṣe é. Ẹ ṣì máa lè yọ ọ́ fi sínú onítọ́ọ̀ṣì, PIN nìkan ló máa béèrè.

Ọ̀pọ̀ kọ́sítọ́mà mi ni ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Oní_Tòkunbọ̀_QC
30 oṣù kẹjọ, 2:20 ọ̀sán

Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí mò ń rí lọ́jà kún un.

NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì, fún MTN àti 9mobile láṣẹ láti dán eSIM wò ní 2020 (9mobile yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yí orúkọ padà sí T2 lóṣù yìí). Ó ti pẹ́ tó kí nǹkan ti rọrùn. Kò rọrùn. Mo ta iPhone 14 eSIM fún kọ́sítọ́mà kan, ó fẹ́ gbé nọ́ńbà rẹ̀ wọ inú rẹ̀. A lọ sí ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀. Wọ́n ní kó mú NIN wá, ó mú un wá. Wọ́n ní sístẹ́ẹ̀mù ò ṣiṣẹ́. Ọjọ́ kejì, wọ́n ní orúkọ tó wà lórí NIN àti èyí tó wà lórí síìmù yàtọ̀ ní lẹ́tà kan. Gbogbo ìgbà yẹn, fóònù ń ya àwòrán, kò lè pe ẹnikẹ́ni. Èmi ló padà wá bá jà, ó ní mo ta òkú ọjà fún òun.

Ìdí nìyẹn tí owó eSIM fi máa ń kéré sí ti oníhò nínú ọjà wa, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ fóònù kan náà. Àwọn kan ń rà á nítorí owó tó dín, láì béèrè. Bí iPhone 17 tín-ín-rín bá wá jẹ́ eSIM níbi gbogbo, àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mo ń wò, kì í ṣe Apple. Ẹni tó bá fi iPhone pààrọ̀ iPhone yẹ kó lè gbé nọ́ńbà rẹ̀ kọjá láti orí ìjókòó ní ilé rẹ̀. Fóònù ti lè ṣe é. Ó ku kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbà.

Èrò tèmi lórí ohun tí wọ́n máa gbé jáde: mo rò pé tín-ín-rín nìkan ni wọ́n máa yọ ihò kúrò lára rẹ̀ pátápátá, torí kò sí àyè. Àwọn Pro tó ń lọ sí London àti Dubai á ṣì ní in lọ́dún yìí. Mo tún rò pé iPhone Plus, èyí tí ojú rẹ̀ fẹ̀, ti parí, tín-ín-rín ló máa gba ipò rẹ̀. Ohun tí Mark Gurman, oníròyìn Bloomberg, ń sọ láti ọjọ́ yìí nìyẹn.

Oníkámẹ́rà_Mọ́kọ́lá
30 oṣù kẹjọ, 4:47 ìrọ̀lẹ́

Òde ìnáwó ni mo ti ń jẹun, fídíò àti fọ́tò. Ìwúyè Ọba Ládọjà ń bọ̀, gbogbo Ìbàdàn máa tú sí Mápó, mo sì fẹ́ fóònù tó lè fa ojú èèyàn sún mọ́ mi láti ẹ̀yìn èrò. Àhesọ ni pé kámẹ́rà tó ń wo ọ̀nà jíjìn lára Pro máa di 48MP (bí iye yẹn bá ṣe pọ̀ tó ni àwòrán ṣe máa ń mọ́ tó). Lára 16 Pro, 12MP ni. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, mo fẹ́ ẹ. Tí mo bá fa 16 Pro ti ọ̀gá mi sún mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àwọn ìyá a di ẹ̀rọ̀fọ̀ pupa, èèyàn ò ní mọ iyùn yàtọ̀ sí rọ́bà.

Ṣùgbọ́n owó! Ẹ gbọ́ ná. Ọdún 2017 tí iPhone X jáde, 999 dọ́là ni. Ọdún tó kọjá tí 16 Pro jáde, 999 dọ́là náà ni. Apple ò fi dọ́là kan lé e. Ní 2017, dọ́là wà ní nǹkan bíi 360 náírà, ẹni tó bá ní 360,000 náírà ti débẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 2025 yìí, dọ́là lé ní 1,500. Mílíọ̀nù kan ààbọ̀ nìyẹn, kí ẹni tó gbé e wọ̀lú tó fi èrè tirẹ̀ lé e. Iye òde tí mo ń lọ kò tíì di ìlọ́po mẹ́rin láti 2017, owó tí wọ́n ń san fún mi náà ò sì tíì rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Tim Cook bá ń pe iye owó lọ́jọ́ 9, mo máa ń gbọ́ ọ ní náírà.

Ọmọ_Àgbọ́wọ́
30 oṣù kẹjọ, 5:15 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀gbọ́n Oníkámẹ́rà, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Ó tún lè le sí i: ìwé ìròyìn Wall Street Journal kọ ọ́ lóṣù karùn-ún pé Apple ń rò ó láti fi owó kún ti tọdún yìí. Owó orí ọjà tí Trump gbé ka ilẹ̀ China àti Íńdíà lórí wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n yọ fóònù sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Tèmi ni pé wọn ò ní fọwọ́ kan ti èyí tó kéré jù. Pro ni wọ́n máa fi kún.

Tíṣà_Mọ́lété
30 oṣù kẹjọ, 8:03 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o. Ohun tí èmi ń dúró dè, ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu bà á. Àwọn tó ń yẹ iOS 26, ètò tuntun tó ń darí iPhone, wò kí ó tó jáde rí àmì kan nínú rẹ̀ pé AirPods, gbohùngbohùn etí tí Apple ń ṣe, máa lè túmọ̀ ọ̀rọ̀ sí etí ẹni bí ẹnì kejì ṣe ń sọ ọ́. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi hàn lọ́jọ́ 9.

Ọmọ Yorùbá ni mò ń kọ́ ní Yorùbá. Mo mọ̀ pé èdè wa ò ní sí níbẹ̀. Siri, ohùn tó ń dáhùn nínú iPhone, títí di òní ò gbọ́ Yorùbá. Google fi ohùn Yorùbá sínú Gboard, pátákó ìtẹ̀wé wọn, ní 2024, mo sì ń lò ó: mo máa sọ̀rọ̀, á máa kọ ọ́, nígbà mìíràn á tiẹ̀ fi àmì ohùn sí i bó ṣe tọ́. Nítorí náà kò ṣòro débi tí ilé iṣẹ́ tó lówó tó Apple ò fi lè ṣe é. Bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ka orúkọ àwọn èdè lọ́jọ́ yẹn, ẹ lọ sí ojú òpó wọn níbi tí wọ́n ti ń gba àbá, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé Yorùbá dà. Èmi ti kọ tèmi, mo tún máa kọ ọ́.

Màmá_Agodi
31 oṣù kẹjọ, 2:36 ọ̀sán

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ribiribi. Èmi náà máa kọ ọ́.

Ẹ dákun, mo tún ní ìbéèrè kan, ẹ má bínú. Wọ́n ní ojú iPhone 11 mi tó fọ́ yẹn, owó rẹ̀ ò kéré. Ṣé kí n tún un ṣe, àbí kí n ra òmíràn? Ẹnì kan fẹ́ ta iPhone XR fún mi ní owó pọ́ọ́kú. Ọmọ mi tó wà ní London náà ní òun lè ra òmíràn wá nígbà Kérésì.

Oní_Tòkunbọ̀_QC
31 oṣù kẹjọ, 3:10 ọ̀sán

Màmá, ẹ má ra XR o. Apple ti sọ ọ́ lóṣù kẹfà pé iOS 26 ò ní wọ inú XR, XS àti XS Max. Láti 11 lọ sókè ló máa wọ̀, 11 yín sì wà lára wọn. Ìdí tí XR fi di pọ́ọ́kú nìyẹn, àwọn tó mọ̀ ti ń tà á dànù.

Ẹ tún ojú ti 11 yín ṣe. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ òmíràn, ẹ má rà á lọ́sẹ̀ tí wọ́n bá ṣe ìpàdé yẹn. Owó tòkunbọ̀ kì í já wálẹ̀ lọ́jọ́ kejì bí àwọn èèyàn ṣe rò. Ó dìgbà tí àwọn ará òkè òkun bá ti gba tuntun, tí wọ́n sì ti kó tàtijọ́ sílẹ̀, kí ọjà tó kún débí, ìyẹn ń bọ̀ sí nǹkan bí ìparí oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá. Tó bá ti di oṣù kejìlá, àwọn tó ń bọ̀ wá ṣọdún á ti gbé e lọ sókè padà.

Bí ọmọ yín bá máa rà á ní London, ti ibẹ̀ ní ihò síìmù títí dé 16, ẹ ti rí i pé a ò tíì mọ ti 17. Kó ṣáà rí i dájú pé kì í ṣe ti Amẹ́ríkà tí wọ́n gbé wá síbẹ̀ ni wọ́n tà fún un. Settings, General, About, Model Number: bó bá parí sí LL/A, tó sì jẹ́ 14 lọ sókè, kò ní ihò. Kó dá a padà fún wọn.

Màmá_Agodi
31 oṣù kẹjọ, 3:22 ọ̀sán

Mo ti fi ránṣẹ́ sí i bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run á bù sí i fún yín. Ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ Ẹnjiníà iye tó máa gbà fún ojú 11, mo lè yà ní Ìwó Road lọ́jọ́ Ajé tí mo bá ṣíwọ́.

Ẹnjiníà_Ìwó_Road
31 oṣù kẹjọ, 3:41 ọ̀sán

Ẹ máa bọ̀, mà. Ẹ mú yẹtí yín dání, mo fẹ́ kí a jọ fi PIN sí síìmù yẹn kí ẹ tó lọ.